Òwe Tí Ọmọ Mi Gbé Lọ sí Débà

Mi ò kàwé púpọ̀, ojú rẹ̀ kò sì tì mí. Kíláàsì kẹta ni mo dé tí bàbá mi fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, gbogbo ayé ló sì mọ ohun tí mo fi ọkọ́ náà ṣe. Ẹ lọ bèèrè láti Tchaourou dé Goro, láti Goro dé Sanson: ta ni ebè iṣu rẹ̀ ga débi pé ewúrẹ́ ń sùn sí ìbòòji rẹ̀? Èmi ni wọn yóò júwe fún yín. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ní kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jókòó tí wọ́n ń ta ayò. Obìnrin tó kọ́ wa sọ pé òun kò tíì rí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé báyìí. Èmi náà kò tíì rí i.

Nítorí náà, bí mo bá sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kọlẹ́ẹ̀jì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tú ìdílé kan ká lóko mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìlara ló ń bá mi jà. Mo wà níbẹ̀. Àga iwájú ni mo jókòó sí.

Ọmọbìnrin mi, àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀, ló ń lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì náà. Ó gbọ́n. Mi ò ní sọ ibi tó ti jogún ọgbọ́n, ẹ ti mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ti ilé-ìwé dé, ó ní pròf wọn, ìyẹn olùkọ́ wọn, ní kí àwọn ṣe débà. Mo ní kí ló ń jẹ́ débà. Ó ní kí ọmọ méjì dúró níwájú èèyàn, kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn, kí àwọn kan sì jókòó tì wọ́n máa fún wọn ní àmì. Mo ní ṣé ohun tí ìyá rẹ̀ àti orogún ìyá rẹ̀ ń ṣe nídìí ẹ̀rọ omi nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún wọn ní àmì rí.

Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn rẹfujíè ni, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn. Àwa náà mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà tí àwọn oníbọn ti ń da ìlú rú lókè lọ́hùn-ún, lápá Bùrùkínà, ni a ti ń rí wọn lójú ọ̀nà: ọkùnrin tó gbé ọmọ sí èjìká, obìnrin tó ru ìkòkò, tí wọ́n ń bèèrè ibi tí wọn yóò ti dáko. Ìbéèrè pròf ni pé, ṣé kí á fún wọn nílẹ̀ kí wọ́n máa gbé láàárín wa, àbí kí ìjọba kó wọn jọ sínú kám̀pù kan, kí wọ́n máa bọ́ wọn, títí ìlú wọn yóò fi tòrò?

Mo ní: "Ìwọ ńkọ́, kí ni o rò?"

Ó ní: "Bàbá, a kì í rò ó. A mú un nínú fìlà."

"Kí lẹ mú nínú fìlà?"

"Èrò. Pròf kọ ọ́ sí bébà, ó ká a, ó jù ú sínú fìlà rẹ̀. Èmi mú kám̀pù."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi, bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí mo rò nípa ilẹ̀ kan, mo máa ń rìn ín yí ká ni, mo máa ń bu erùpẹ̀ rẹ̀ fi kan ahọ́n. Àwọn ọ̀mọ̀wé, inú fìlà ni wọ́n ti ń mú tiwọn. Mo ní: "Bí o bá mú ti ẹnì kejì ńkọ́?" Ó ní: "Mà á ní kí wọ́n fún wọn nílẹ̀, mà á sì sọ ọ́ dáadáa." Mo ní èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀. Ó ní: "Èyí tó bá gba àmì jù." Ó ń fi mí ṣeré ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ohun tó wà nínú pròf rẹ̀.

Kí wọ́n tó máa wá rẹfujíè nínú ìwé, èmi ti ní rẹfujíè lóko. Ọkùnrin kan ni, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀nà Goro ni wọ́n gbà dé, ẹnì kan ló sì júwe mi fún wọn, torí bí àlejò bá ń wá ilẹ̀ tó dára, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò tún júwe? Ó mú obì wá, ó dọ̀bálẹ̀, mo na ọwọ́ sí ibi tí ààlà gbà, lẹ́bàá títì, níbi tí mo ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Bí àṣà wa ti rí nìyẹn. Bó bá kórè, á gbé iṣu díẹ̀ wá kí mi. Ọjọ́ tí mo bá pè é, á wá bá mi roko. Láti ìgbà náà, àlejò mi ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní tonton, bí ẹni tó ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Bàrìbá tó kọ́ lójú ọ̀nà, Nàgó, Yorùbá ọ̀dọ̀ wa, náà sì ti ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Lọ́dún yìí, ó kọ ebè tí èmi gan-an dúró wò, tí mo sì yìn ín, bẹ́ẹ̀ mi ò kì í yin ebè ẹlòmíràn.

Nígbà tí débà kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi wá bá mi níbi tí mo ti ń pọ́n ọkọ́.

"Bàbá, wọ́n ní kí á fi èdè ìyá wa parí ọ̀rọ̀ wa, torí àwọn òbí tí kò gbọ́ Faransé. Mo fẹ́ òwe kan."

"Òwe kan? O gbé igbá kékeré wá sí odò ńlá."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Kó kúrú. Kó sọ pé ilé ẹni ló dára jù."

"Ilé ni àbọ̀ sinmi oko."

"Ìyẹn wà lára ògiri gbogbo ilé ọtí."

"Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́."

"Ìyà? Wọ́n á ní mò ń bú wọn."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Ó tún un sọ, ó fi orí mi, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Èyí gan-an ni. Ó kúrú, ó sì máa dùn nínú mikíró." Inú mi dùn. Mo padà sídìí ọkọ́ mi.

Lọ́jọ́ débà, òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ewé iṣu ti ń gun ọ̀pá. Wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgò ilé-ìwé. Pròf wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ṣòkòtò rẹ̀ fún débi pé mi ò mọ bó ṣe ń jókòó, ló gba mikíró, mikíró náà sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó kí wa, ó tún kí wa, ó kí àwọn tí kò tíì dé. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kì í kí èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí àlejò mi. Wọ́n ti lọ pè é lóko pé kó wá, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga ike funfun níwájú, láàárín èmi àti àwọn àgbà ìlú, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kan bébà mọ́ ọn láyà. Ohun tí wọ́n kọ sínú bébà náà ni ẹlẹ́rìí, ní Faransé. Ẹlẹ́rìí kí ni? Wọn kò bi í ní nǹkan kan títí wọ́n fi parí. Wọ́n gbé e síbẹ̀ bí àgbò tí wọ́n ń fi han oníbàárà ni. Àwọn ọmọ á na ìka sí i, wọ́n á ní "àwọn èèyàn wọ̀nyí", òun á sì máa mi orí, torí ọmọlúwàbí ni.

Ọmọ nọ́ọ̀sì ìlú wa, tí òun àti ọmọ mi jọ fẹ́ jiyàn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìhà pé kí wọ́n fún wọn nílẹ̀ ni fìlà fún un. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ń bọ́ lójoojúmọ́ yóò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò di ọkọ́ mú rí, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ọmọ mi dìde. Ó ní ilẹ̀ kì í bímọ, èèyàn ló ń bímọ. Ó ní àwa, àwọn darandaran àti àwọn tó ń bọ̀ láti òkè, a ti ń bá ara wa jà lórí odò kan náà. Ó ní àwọn oníbọn lè tẹ̀ lé ẹni tó ń sá, kí wọ́n wọ aṣọ bíi tirẹ̀. Mi ò ní pé ẹ̀rù yẹn kò sí. Àwa tí à ń sùn lóko mọ bí ọ̀kadà tí a kò retí ṣe ń dún létí. Bó ti ń sọ ọ́, àwọn òbí ń mi orí, èmi náà ń wo ọ̀tún, mò ń wo òsì, kí wọ́n lè rí ẹni tó bí i.

Nígbà tó fẹ́ parí, ó gbé Faransé jù sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó wá síwájú wa, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, kó lè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ibi tí àwọn àgbà jókòó sí náà ni àlejò mi jókòó sí. Iwájú rẹ̀ gan-an ni orúnkún ọmọ mi balẹ̀ sí. Ó ní: "Bàbá mi ní kí n kí yín. Ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Àwọn ọmọ ilé-ìwé pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà kò pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan wúkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa. Onílẹ̀ kì í wí fún àlejò pé "kúrò lórí ilẹ̀ mi". Ìwà ẹranko ni. Bó bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, ọmọ rẹ̀ ló máa ń rán. Ọmọ á dé ojú abà, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀, á ní bàbá mi ní kí n kí yín, ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò á fi ọwọ́ kan àyà, á ní: "Mo gbọ́. Bá mi kí bàbá." Lẹ́yìn náà á di ẹrù rẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí ariwo, kò sí ẹni tí ojú tì. Àṣà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà abà ni iṣẹ́ òwe yẹn wà. Níbi tí mo ti ń pọ́n ọkọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ mikíró, ta ni yóò rántí abà? Ọmọ mi ní tirẹ̀, ìlú ló gbé dàgbà, kò tíì sí ẹni tó rán an lọ lé àlejò rí. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ló mọ̀, òun náà ló ṣe.

Àlejò mi mọ̀ ọ́n. Ará Atakórà kan tó ń dáko lápá Alafiarou, òwe yẹn ni wọ́n fi rán an lọ, òun àti àlejò mi sì jẹ́ ọ̀rẹ́. Àlejò mi dìde lórí àga ike náà. Ó fi ọwọ́ kan àyà, lórí bébà ẹlẹ́rìí yẹn. Ó sọ ọ́ ní Nàgó tó mọ́ kedere: "Mo gbọ́. Bá mi kí bàbá."

Bàbá tó ní kí wọ́n bá òun kí rèé, èmi ni, mo jókòó tì í, èjìká wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Pròf sáré gba mikíró. "Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹlẹ́rìí wa!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ mi ló borí, wọ́n fún un ní ìwé atúmọ̀-èdè kan tó wúwo bí bíríkì. Mo fẹ́ dìde tẹ̀ lé àlejò mi, pròf fà mí lápá pé kí n wá ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n fi tú mi sílẹ̀, ó ti gun zémìjàn, ọ̀kadà akérò, lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, dúró dè mí lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, mo júbà. O jẹ́ kó kọ ebè tán, o jẹ́ kó gbin iṣu tán, o jẹ́ kó hù tán, o wá lé e. Iṣu yẹn á pọ̀ o!"

"Ta ló lé e?"

"Ojú gbogbo wa ni ọmọ rẹ kúnlẹ̀."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Bí àlejò mi bá lọ ní àkókò yẹn, ìyà tó fi ebè jẹ ara rẹ̀ lọ́dún yìí ti wọlẹ̀. A kì í wa iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun ọ̀pá. Inú òjò ni yóò kó ìyàwó àti ọmọ sí, kò ní èbù, kò ní oúnjẹ, kò sì ní ibi tó ń lọ. Èmi náà, láti Goro dé Sanson, wọn yóò máa júwe mi bí ẹni tó fi ẹnu ọmọ jẹ iṣu àlejò. Mo ti gbádùn orúkọ rere pẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú orúkọ yẹn rìn.

Ilẹ̀ mọ́, mo gun máṣíìnì mi lọ sóko. Ìyàwó rẹ̀ ti tú rọ́bà tí wọ́n fi bo abà, ó ń ká a. Kò gbọ́ Nàgó, kò sì wo ojú mi. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń ká rọ́bà náà bí ẹni tó ti ká a rí ní ọ̀pọ̀ ibi, tí kò sì ní láti wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Àlejò mi ní: "Tonton, ẹ káàárọ̀. À ń bọ̀ wá dágbére fún yín. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ọjà ló máa gbé wa lọ́la."

"Gbé yín lọ síbo?"

"Ọlọ́run mọ̀."

"Ta ló ní kí ẹ lọ?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń purọ́ tí ṣúgà sì wà létè rẹ̀. "Tonton, ẹ má bínú. Ẹ ti ṣe é dáadáa. Níbòmíràn, ìbọn ni wọ́n fi sọ fún wa. Ẹ̀yin fi ọmọ yín, ẹ tún fi mikíró. Mẹ̀sí."

"Eré ilé-ìwé ni! Inú fìlà ni wọ́n ti mú un!"

"Fìlà ta ni?"

"Fìlà pròf!"

"Bọ̀n. Ọmọ tó kúnlẹ̀ ńkọ́, ṣé ọmọ pròf ni?"

Mo ní iṣu rẹ̀ ńkọ́. Ó ní: "Iṣu wà nínú ilẹ̀ yín." Bí mo ti ń ṣàlàyé sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dúpẹ́ sí i. Àṣà wa náà ló fà á. Onílẹ̀ tó bá mọ ìwà hù, lẹ́yìn tó bá ti rán ọmọ rẹ̀ tán, á tún wá ní "ẹ má tíì lọ, kí ló kán yín lójú". Àlejò tó bá mọ ìwà hù kò ní gbà. Gbogbo ohun tí mo ń sọ, ìwà rere ló ń pè é. Mo ti kọ́ ọkùnrin yìí ní àṣà wa jù.

Mo yà sí ilé-ìwé. Pròf ń mu kọfí. Ó ní: "Tonton, ẹ fọkàn balẹ̀. Eré ọpọlọ ni, kò sí èrò ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Mo ní ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, pé wọ́n pe gbogbo ìlú jọ wá gbọ́ èrò tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó ní òun á bá mi kọ ìwé kan, dìrẹ́tọ̀ ilé-ìwé á lu òǹtẹ̀ sí i, kí n gbé e fún àlejò mi. Mo ní: "Ìwé yẹn yóò sọ pé kí ni? Pé orúnkún ọmọ mi kò kanlẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé. Mo fi òun àti kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ mi ti gbọ́ kí n tó délé. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé òwe ìléni ni, ẹ wá fún mi?"

"Òwe kò léni. Ibi tí o kúnlẹ̀ sí ló léni."

"Ta ló kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀?"

Mo gbójú sókè. Ó bojú wolẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. "Ẹ má bínú, bàbá. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó dé, kí lẹ sọ fún un?"

"Mo na ọwọ́ sí ààlà."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kí ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn?"

"Bí onílẹ̀ bá fẹ́ kí àlejò dúró, òwe wo ló máa ń fi rán ọmọ sí i?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Èmi tí mo pe ara mi ní odò òwe, mo ju igbá sínú odò náà, igbá gbá ilẹ̀. Mo rántí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo rántí òmíràn, òmíràn tún wá. Nínú gbogbo wọn, àlejò á fọ́jú, tàbí kó fẹnu kọ, tàbí kó máa lọ. Mi ò rí ọ̀kan tó ní kó jókòó.

Ó ní: "Wọ́n ka òfin rẹfujíè fún wa nígbà tí à ń múra débà. Ó sọ ìgbà tí wọ́n lè ní kí èèyàn máa lọ, ó sì sọ ìgbà tí wọn kò gbọ́dọ̀ lé e. Tiwa, apá kan ló ní."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ẹ̀gún tó wọ ẹsẹ̀ tí a kò lè yọ níwájú èèyàn. Kì í ṣe pròf ló sọ ọ́. Pròf kò lè sọ ọ́, ó ti lọ ya fọ́tò. Mo ní kó lọ gbé ọkọ́ kan, kó bá mi lọ sóko lọ́la.

Ọjọ́ ọjà ni. Títì Goro kún fún kẹ̀kẹ́, máṣíìnì àti àwọn obìnrin tó ru ẹrù. Èmi àti ọmọ mi wọ inú oko àlejò mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí ebè rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni. Àlejò ló ń bá onílẹ̀ roko, onílẹ̀ kì í bá àlejò roko. Mo ní kí wọ́n wò ó. Ẹni tí kò mọ oko ro ni ojú ń tì. Koríko ń ṣubú lápá ọ̀tún, ó ń ṣubú lápá òsì, ẹ̀yìn mi gún bí ti ọmọ ogún ọdún.

Ohun tí mi ò rò ni ohun tí wọn yóò rí. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n tòmátì kọ́kọ́ kígbe: "Háà, bàbá! Kò tíì lọ tí ẹ ti ń gba iṣu!" Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní: "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, ọ̀nà ọ̀fun kì í sá!" Ẹ̀rín gba títì. Ọmọ mi dúró, ó ní: "Bàbá, wọ́n rò pé à ń gbà á ni." Mo wo apá abà. Àlejò mi ti dúró níbẹ̀, ẹrù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ tò tẹ̀ lé e, ó ń wo ọkọ́ mi. Kò bínú. Ó ní: "Tonton, ẹ lè dúró kí n lọ tán."

Mo ti gbọ́ èébú láyé mi. Kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo ju ọkọ́ sílẹ̀. Mi ò wá òwe kankan. Mo dojú kọ ọ́, mo sì pariwo kí títì lè gbọ́: "Má lọ! Èmi ni mo ń sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ mi, kì í ṣe pròf. Iṣu yẹn, tìrẹ ni. Dúró. Kórè rẹ̀, kí o tún gbin òmíràn. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kí o lọ, èmi fúnra mi ni mà á wá síbí, mà á sọ ọ́ lójú rẹ bí mo ti ń sọ èyí. Mi ò ní rán ọmọ. Mi ò ní pòwe."

Àgbàlagbà kan tó gun kẹ̀kẹ́ mi orí, ó ní kí ni irú ọ̀rọ̀ lílà báyìí, bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Mo ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú ló mọ òwe tí mo mọ̀. Bí èmi kò bá lè sọ̀rọ̀ ìhòòhò níwájú èèyàn, ta ló fẹ́ sọ ọ́?

Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè nǹkan ní èdè wọn. Àlejò mi wo ojú mi pẹ́, ó wo ọmọ mi tí iyẹ̀pẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ojú mi. Ó bọ́ sínú oko. Mo rò pé ọwọ́ mi ló fẹ́ dì mú. Ó kọjá lára mi, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ebè kan tí mo ti ro kọjá, ó sì fa ìtàkùn iṣu kan sókè. Orí rẹ̀ ti já.

Ó ní: "Tonton. Ẹ ti gé èyí."

Mo ní: "Èmi? Ọkọ́ mi kì í gé ìtàkùn. Ọ̀yà ló gé e."

"Ọ̀yà kì í gé e báyìí. Ẹ wò ó. Ojú ọkọ́ ni."

"Ta ni o ń kọ́ ní ojú ọkọ́?"

Ó nawọ́ gba ọkọ́ ọmọ mi, ó fi ìbínú ko ilẹ̀ mọ́ ìdí iṣu tó já náà, ó ń kùn lábẹ́ irùngbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń wo àwa méjèèjì bí a ti ń jiyàn, lẹ́yìn náà ló sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tí wọ́n fi di rọ́bà.

Ọ̀yà ló gé ìtàkùn yẹn. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ń sọ ọ́ títí di òní. Òun, bó bá ti rí mi lójú ọ̀nà báyìí, ọkọ́ ni, ọkọ́ ni.